Àwọn Méjì Yòókù

"Ripken nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn méjì yòókù kàn gba àyè lásán ni."

Ohun tí ọlọ́jà kan sọ fún oníbàárà rẹ̀ láàárọ̀ yìí nìyẹn, nídìí tábìlì káàdì baseball, àwọn káàdì alááwòrán agbábọ́ọ̀lù tí a ń kó jọ. Kò pariwo, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dárúkọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gaàrí. Bóyá bí ó ṣe rọrùn lẹ́nu rẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ó dùn mí tó báyìí. Ká ní ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe ni, mi ò bá ti gbàgbé.

Òjò rọ̀ ní Baltimore. Káàdì mọ́kànlá ló wọlé. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí náà nìyẹn.

Gba àyè lásán.

Topps (ilé iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì) ọdún 1982, nọ́ńbà 21, ni káàdì tí wọ́n dì mú nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ẹnu fẹ́ bó. Àwòrán mẹ́ta ló tò síra: Bob Bonner lọ́wọ́ òsì, Cal Ripken láàárín, Jeff Schneider lọ́wọ́ ọ̀tún. Topps fúnra wọn ló kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ìràwọ̀ ọ̀la Orioles, ẹgbẹ́ baseball Baltimore, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí yóò ràn nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wò ó dáadáa: àyè wo ni wọ́n gbà?

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1982, Orioles fi Doug DeCinces tó ń ṣọ́ ibùdó kẹta fún wọn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Angels ti California, wọ́n sì gba Dan Ford. DeCinces nìkan kọ́ ló lọ o. Jeff Schneider bá a lọ nínú pàṣípààrọ̀ kan náà. Ibùdó kẹta ṣófo, Ripken bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ, Earl Weaver, olùkọ́ni wọn, gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí shortstop, àyè tó wà láàárín ibùdó kejì àti ìkẹta, níbi tí Mark Belanger ti ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kúrò lẹ́yìn ìdíje ọdún 1981, tó sì ti gba Gold Glove, ẹ̀bùn àwọn tó mọ pápá ṣọ́ jù, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Shortstop yẹn kan náà ni Bonner ń gbá.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọdé ń já ọ̀rá káàdì 1982, tí wọ́n ń rí Schneider nínú aṣọ Orioles, ọkùnrin náà ti kúrò ní Baltimore. Ìgbà 11 ló jù bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá, gbogbo rẹ̀ ní 1981. Kò sí òmíràn mọ́. Ọ̀nà tí Ripken gbà wọlé, Schneider wà lára owó tí wọ́n san fún un. Wọ́n ní ó gba àyè. Àyè ló ṣí.

Mo ti kọ gbólóhùn yẹn, mo ti tún un kà. Ó ṣì ń ká mi lára.

Àmọ́ mi ò ní parọ́. Ní ti owó, òótọ́ ni ọlọ́jà náà sọ. Ká yọ Ripken kúrò láàárín káàdì yẹn, inú páálí oní-sẹ́ǹtì mẹ́wàá la ó ti bá a, láàárín àwọn tí rọ́bà ti gé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ripken ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rá wé Bonner àti Schneider láti ogójì ọdún ó lé. Ojú wọn ò ṣá, igun wọn ò ká, nítorí ẹni tó wà láàárín wọn. Igi kan kì í dágbó ṣe, àmọ́ nígbà mìíràn igi kan ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣá igbó yẹn lulẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ mú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dọ́gba lálẹ́ òní.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ wà nínú kíkó àwọn tí kò lókìkí jọ, ó sì le ju kíkó Ripken lọ. Ripken, ẹ ní owó, ẹ ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ajubọ́ọ̀lù tó lo oṣù méjì péré ní Baltimore, kò sí ẹni tó ń pàtẹ rẹ̀. Owó sítáǹbù tí wọ́n máa fi fi í ránṣẹ́ ju iye káàdì náà lọ, ọlọ́jà ò sì ní tìtorí sẹ́ǹtì mẹ́wàá ya àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú páálí ló wà, láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta káàdì tí ẹnikẹ́ni ò tò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a.

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé: ọdún, nọ́ńbà, orúkọ, àti bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣe rí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí wọ́n á wá ra èyí tó burú ju ti ilé lọ. Topps 1982 ní 792 káàdì, nọ́ńbà ni wọ́n sì máa ń fi tò ó nígbà tí ẹnì kan bá tò ó rárá, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lórí ìwé yóò fi ìdajì wákàtí ṣe ohun tí ẹlòmíràn fi gbogbo àárọ̀ ṣe. Ẹ má gbàgbé àwọn páálí kéékèèké ti ìparí ọdún pẹ̀lú, èyí tí Topps ń kó àwọn tó pààrọ̀ ẹgbẹ́ sí. Ní 1982, lẹ́tà T wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọn. Ibẹ̀ ni Ripken ti dá dúró, 98T. Schneider àti Bonner ò rí irú rẹ̀.

Bí páálí bá fún, ẹ má fi èékánná fa káàdì jáde. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè wà, kí ẹ wá fi ìka méjì mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igun mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ló ń tú àṣírí. Topps ń fi ṣìgọ́ọ̀mù sínú ọ̀rá títí di ọdún 1991, káàdì tí ṣìgọ́ọ̀mù bá fara kàn á máa ní àbàwọ́n rúbútú aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní lọ láéláé. Ìda tí wọ́n fi lẹ ìwé ọ̀rá náà pa tún máa ń yọ́ sára èyí tó bá wà lẹ́yìn pátápátá. Bí ìda bá wà lójú tó ń dán, ẹ fi sítọ́kìn obìnrin tó mọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, yípo yípo, ẹ má tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí. Bí ó bá wà lẹ́yìn, níbi tí páálí ti hàn gbangba, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti wọnú.

Àwọn tó ń rò pé aláìlókìkí ni olówó pọ́ọ́kú, ẹ bi wọ́n léèrè nípa Topps 1967, nọ́ńbà 558. Belanger ló wà lórí rẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, pẹ̀lú ajubọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Bill Dillman. Títí di 1973, Topps kì í mú gbogbo káàdì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìpele ìpele ni. Nígbà tí ìpele tó kẹ́yìn bá fi máa dé, 534 títí dé 609 ní 1967, ìdíje ti ń parí lọ, ọkàn àwọn ọmọdé ti wà lára football ti Amẹ́ríkà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sì í fẹ́ kó púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò sẹ́ni tó rántí fi ń wọ́n ju gbajúmọ̀ inú ìpele kìíní lọ. Ẹni tó ń kó ẹgbẹ́ jọ, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ń lọ.

Gba àyè lásán. Dillman náà ńkọ́?

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa ti 1954, ọdún àkọ́kọ́ Orioles ní Baltimore lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní St. Louis. Àwọn yẹn ò ní wọ ewé oníhò mẹ́sàn-án, ewé ike tí a fi ń kó káàdì sínú fáìlì. Topps ti 1952 sí 1956 tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ: íǹṣì 2⅝ sí 3¾, nígbà tó jẹ́ 2½ sí 3½ ni wọ́n ń lò láti 1957. Ewé oníhò mẹ́jọ ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá fi tipátipá kì í bọ mẹ́sàn-án, igun òkè ló máa ká. Ewé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ polypropylene, irú ike kan. Èyí tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tó ń rùn bí aṣọ ìkélé bálùwẹ̀ tuntun, PVC ni, tó bá yá yóò máa lẹ̀ mọ́ ojú àwòrán. Fáìlì olórùka D ni kí ẹ lò, torí olórùka roboto máa ń tẹ àwọn káàdì tó bá súnmọ́ ọn títí wọn ó fi ní ojú ọgbẹ́. Ẹ má gbé e sí yàrá abẹ́ ilé, ẹ̀ẹ̀rùn Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore wà, kì í gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀. Ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára.

Mo fẹ́ kọ nípa Lenn Sakata, agbábọ́ọ̀lù Orioles, lónìí, mi ò rò pé mo lágbára rẹ̀ mọ́. Ní kúkúrú: ọjọ́ 24 oṣù Ògún 1983, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi ọ̀pá gbá a tán pátápátá fún Orioles, Sakata tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò náà ní inning kẹwàá, ìyẹn ìpín kẹwàá eré náà. Àwọn Blue Jays, ẹgbẹ́ Toronto tó ń bá wọn gbá, rí i, ojú wọn wọlé, wọ́n ń sá jìnnà sí ibùdó láti jí èyí tó kàn gbà. Tippy Martinez, ajubọ́ọ̀lù Orioles, mú mẹ́ta nínú wọn lórí ibùdó kìíní, nínú inning kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tó kan Baltimore, home run Ripken, bọ́ọ̀lù tó gbá jáde kúrò ní pápá, ló mú ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ti Sakata ló parí rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà, Orioles gba World Series, àṣekágbá ìdíje ọdún. Káàdì Sakata, páálí oní-sẹ́ǹtì mẹ́wàá.

Ó dáa. Òru kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má mẹ́nu bà.

Ọjọ́ 18 oṣù Igbe 1981, ní Pawtucket. Rochester, ẹgbẹ́ kékeré Orioles, ló wá bá wọn gbá. Òtútù mú. Inning mẹ́sàn-án parí, ọ̀mì. Ogún parí, ó lé. Aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú méje, òwúrọ̀ Àjíǹde ti mọ́, kí wọ́n tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn inning 32. Oṣù Òkúdù ni wọ́n padà wá gbá ẹyọ kan tó kù, Pawtucket sì borí, 3 sí 2. Kò sí ìdíje tó gùn tó o nínú baseball olówó. Ripken wà ní ibùdó kẹta. Bonner wà ní shortstop. Schneider wà lára àwọn tó ju bọ́ọ̀lù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú káàdì 21, nínú òtútù kan náà.

Bonner gbá ìdíje 61 fún Orioles láàárín 1980 sí 1983. Lẹ́yìn náà ló di míṣọ́nnárì, ó lọ sí Zambia. Mo máa ń rò ó bóyá ẹnì kan níbẹ̀...

Rárá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti gbé ìwé Crown ti 1991 kalẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi bọ̀ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Crown elépo bẹntiróòlù àti Coca-Cola ló ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀, káàdì 501, gbogbo ẹni tó ti wọ aṣọ Orioles láti 1954 títí di ìgbà yẹn ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn pátá. Ẹni tó gbá ọjọ́ kan àti ẹni tó gbá ogún ọdún, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gé fún wọn. Fífẹ̀ káàdì kan ni wọ́n fún Schneider, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fírẹ́mù.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwé gbọọrọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ihò tín-tìn-tín ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú ya á, ìtẹ̀wé á bá a ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, páálí funfun á hàn. Ẹ kọ́kọ́ ká ojú ihò náà síwájú, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ká a padà sẹ́yìn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹ gbé rúlà irin lé e, kí ẹ wá fà á láti igun kan, díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí wọn ò tíì ya níye lórí ju èyí tí wọ́n ti ya lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé gbọọrọ ò lè wọ fáìlì mi aláwọ̀ ọsàn, àpò Schneider sì ti ṣófo láti ìgbà tí mo ti ń fi káàdì 21 sí abẹ́ R ti Ripken.

Mo ti ká ojú ihò apá òsì lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí ṣì wà lórí tábìlì.