Ta ni Bob tìẹ?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, màmá òyìnbó kan tá a jọ wà níbẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo maṣíìnì ìfọṣọ wọn, wọ́n ní da ọṣẹ síbí, ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, tẹ bọ́tìnì yìí, "and Bob's your uncle". Mo ní ta ni Bob? Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó parí nìyẹn ni wọ́n ń sọ, ohun táwa máa ń pè ní ṣíkẹ́nà.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ ni pé ní 1887, Lord Salisbury tó jẹ́ olórí ìjọba, Robert lorúkọ ẹ̀, Bob sì ni wọ́n ń ké Robert sí, fi Arthur Balfour tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ṣe mínísítà fún Ireland. Òyìnbó á kàn ní "uncle", tiwa ló máa jẹ́ kó o mọ̀ pé àbúrò ìyá Balfour ni. Nígbà tó sì di 1902, Balfour yìí náà ló gbapò lọ́wọ́ ẹ̀! Ṣùgbọ́n ìgbà tó di àwọn ọdún 1920 ni ọ̀rọ̀ yẹn tó hàn nínú ìwé, èyí ni ò jẹ́ kí n gba ìtàn náà gbọ́ tán.

Ilẹ̀ yìí ní ojúsàájú tiẹ̀ o, àmọ́ nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, mo kọ fóòmù, mo fún wọn, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ọmọ ta ni mí, lẹ́tà bá mi nílé.

N'Ìbàdàn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pààrà ọ́fíìsì ìjọba kan nítorí ìwé pélébé kan, lónìí ọ̀gá ò tíì dé, lọ́la kò sí iná, títí akọ̀wé kan fi bi mí pé ta ni mo mọ̀ níbẹ̀. Mo pe àbúrò ìyá mi, àwọn náà pe ẹnì kan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fáìlì mi fi jáde látìsàlẹ̀. Obìnrin kan pọnmọ sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, kí n tó dé ló ti wà níbẹ̀, ó rí i bí mo ṣe ń ká ìwé mi sápò, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ pè?" Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un.