Níbo Lẹ Sùn Lánàá?

Ọjọ́rú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Màkókò ni, bàtà mi ṣì ń rùn omi ọ̀sà. Iná ò sí, fóònù ni mo fi ń ríran kọ èyí.

Iṣẹ́ wa ò le lójú: ká gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sínú ilé, ká wá bi onílé bóyá ooru tó ń pọ̀ sí i yìí ń kó bá ìlera wọn. Ilé àkọ́kọ́ lónìí, orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ sí, pákó lára, páànù lórí, kò sí àjà. Ìyá onílé, ará Ìlàjẹ, ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, òṣùwọ̀n ka 37 nínú yàrá. Bí ara èèyàn ṣe ń gbóná gan-an nìyẹn. Òógùn ló yẹ kó tu ara, àmọ́ òógùn tí kò gbẹ ò lè tu ẹnikẹ́ni lára, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà sì ti rin gbindin. Irú ẹ̀ ló dé bá wa ní oṣù kejì ọdún 2024, táwọn onímọ̀ fi sọ pé bó ṣe ń rí lára èèyàn tó nǹkan bí 50, pé àyípadà ojú ọjọ́ ló dá kún un.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ooru ń dà yín láàmú?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ooru kẹ̀? Èmi tí mo ń fojoojúmọ́ dúró ti iná?"

Mo fàlà sí "Rárá" nínú ìwé ìbéèrè wa. Ó di ojú ewé kẹrin: ibà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù díẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ńkọ́? Méjì wà lórí àpótí, ọ̀kan ò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

"Ta ló máa sùn sínú ìyẹn, ọmọ mi? Kì í jẹ́ kátẹ́gùn wọlé. Ìta níbí la ń tẹ́ ẹní sí títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ooru ló lé wọn jáde kúrò lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, òru sì lẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń jẹun. Ìyá ò purọ́. Èmi ni mi ò mọ ìbéèrè bi. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ọ̀gá wa (ilé ẹ̀rọ amúlétutù lòun ń gbé, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ) ní ká yéé kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, pé kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tó máa kó o sí.

Lọ́la, ilé mẹ́fà ló kù. Kí n tó ṣí ìwé rárá, mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí wọ́n sùn lánàá.