Mo Fi Bíńgò Sílẹ̀ ní Akóbọ̀

Ọdún Ògún dé, ilé ń pè mí ní Òǹdó. Ta ni yóò mú ajá lọ sílé wa lásìkò yẹn? Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi kì í wo ojú ajá, itan ni wọ́n máa ń wò. Mo bá gbé Bíńgò lọ sí ibì kan ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń gba ajá sílé fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò.

Bàbá tó ń tọ́jú wọn kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Mọ̀mí, káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ dà?" Ó kà á tiwájú tẹ̀yìn kó tó ṣí géètì.

Boerboel kan ló kọ́kọ́ yọ sí wa, irú ajá Gúúsù Áfíríkà tí orí rẹ̀ dà bí ìkòkò àmàlà. Àrá kàn sán lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀gá ti ki orí bọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ìdí wà níta, ó ń gbọ̀n. Ajá Lhasa kékeré kan tí irun bò lójú ló ń pàṣẹ nínú àgbàlá. Tó bá ti gbó, boerboel á fi abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Tanímọ̀la ni mi ò lè gbàgbé. Ajá ilẹ̀ wa ni, pupa rúsúrúsú, etí kan ti ya. Kánádà ni àwọn tó ni ín lọ. Oṣù méjì ni wọ́n dá, ó ti di mẹ́jọ. Owó ń wọlé, Bàbá kò ráhùn, ṣùgbọ́n ajá náà kì í sùn nínú àgò mọ́, ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá ló ń sùn sí. Ó jọ pé aládùúgbò ni wọ́n fi orúkọ yẹn pòwe sí, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Àṣé ajá gan-an lòwe máa bá wí.

Nígbà tí mo padà ní ọjọ́ karùn-ún, ìrẹsì àti orí ẹja ti sọ Bíńgò di ọ̀rọ̀bọ̀. Ó fò mọ́ mi, ó tún sáré padà lọ gbóòórùn Tanímọ̀la kó tó wọ mọ́tò.

Ajá Jámánì arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Bàbá ní ó mọ ìró ẹ́ńjìnnì ọ̀gá rẹ̀. Mo ṣíná mọ́tò. Ó dìde, ó na etí, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó tún rọra dùbúlẹ̀.