Mo ń gbé ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọkọ̀ ni mo ń dúró sí

Àwọn èèyàn wa ní London ti fún mi lórúkọ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní kèfèrí ni mí. Àwọn tó fẹ́ràn mi díẹ̀ ní ìwé ni mo kà jù. Pásítọ̀ ìyàwó mi, ọmọkùnrin tí àkọ́bí mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún, máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á ní, "Dádì, ọjọ́ yín ń bọ̀ o." Mo máa ń dá a lóhùn pé láti ìgbà tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún ni ọjọ́ mi ti ń bọ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá rán mi létí.

Ẹ má sì rò pé òkèèrè ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí Henry Townsend gbé ìyìn rere wọ̀ ní 1843. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún mi, mo wọ aṣọ funfun nínú ẹgbẹ́ akọrin, bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé mi lórí. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka Sáàmù 91 fún yín láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mò ń bọ̀ nílùú ọba ní 1977, Bíbélì Yorùbá ni ìyá mi kọ́kọ́ tì bọ inú àpótí mi kó tó kan gààrí.

Ìyàwó mi, dikónẹ́ẹ̀sì ni. Ilé ìkẹ́rùsí ni ilé tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn Old Kent Road. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ṣọ́ọ̀ṣì adúláwọ̀ 240 ní àgbègbè Southwark nìkan ṣoṣo, ẹ wáá wo bí gèlè ṣe máa ń pọ̀ tó lójú títì lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀. Bí mo bá já a sílẹ̀, màá wá ibi tí wọn ò ti ní lẹ ìwé owó ìtanràn mọ́ mi lójú gíláàsì, màá tẹ àga ọkọ̀ sẹ́yìn, màá ṣí ìwé ìròyìn mi.

Èmi kò sọ pé kò sí Ọlọ́run. N kò mọ̀ ni, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń díbọ́n pé òun mọ̀. Ohun tó lé mi jáde ni pé níbi gbogbo tí mo ti bá ẹ̀sìn yìí pàdé, bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀, tó yẹ ká mú ẹnì kan ká bi í pé "kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?", wọ́n á ti yára gbé ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run tàbí Èṣù lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó ro ẹjọ́ á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹ gbé ti Àjàyí Crowther wò. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyí: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tó kàwé ní Sàró, tó túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Kíláàsì á pàtẹ́wọ́, olùkọ́ á ní ká pa ìwé dé. Ilé ìkàwé ìjọba ní London níbí ni mo ti ka ìyókù ìtàn náà. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé sí Odò Ọya, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wọ́lẹ̀ nínú ìpàdé. Ó kú ní 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ mi tó sọ apá yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọdún 2014 ni Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, tó wáá tọrọ àforíjì, nínú ìsìn tí wọ́n fi ṣe ìrántí àádọ́jọ ọdún tí Crowther gba oyè. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mo ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti di egungun. Ṣùgbọ́n Welby yìí kan náà ló sọ ní oṣù Kọkànlá 2024 pé òun ń fi ipò sílẹ̀. Ìwádìí ti jáde pé agbẹjọ́rò kan, John Smyth, ti na ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní ìnà ìkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé àwọn àgbà ìjọ gbọ́, wọn ò sì ṣe tó bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kó wá dáhùn. Ó dáhùn, ó sì lọ.

Mo gbé ìwé ìròyìn náà fún ìyàwó mi. Mo ní, "Ìyá Fúnmi, nínú àwọn olórí ìjọ tiwa tó ń fi bàálù tara wọn rìn, ta lo gbọ́ rí pé ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí pé ó ṣẹ̀?" Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró Olúwa." Ẹ rí i, ẹjọ́ tí mò ń rò gan-an nìyẹn. Àwọn ará Canterbury tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà, wọ́n tiẹ̀ ṣí ìwé ìṣirò owó wọn wò, wọ́n rí i pé owó ìjọ ayé àtijọ́ wà nínú òwò ẹrú South Sea Company, wọ́n sì sọ ní 2023 pé àwọn máa ya 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Bóyá owó náà máa dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni. Wọ́n ṣí ìwé wò, ohun tí mo rí nìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù kò ti ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù wá. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ ìyàwó mi, olùkọ́ ni nílé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá dé ìlú ọba. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fún un ní ìwé tó fi gba físà, ìwé tí òfin ìlú yìí ní wọn ò gbọdọ̀ tà. Nígbà tó dé, kò rí iṣẹ́ tó tó sanwó ilé. Kò pẹ́, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ni lẹ́tà bá dé: ó ní 60 ọjọ́ láti fi wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, bí kò bá rí, kó máa lọ sílé.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó wá jókòó sínú ọkọ̀ mi, ó ń dúró de ìyàwó mi. Inú ọ̀rá Lidl ni lẹ́tà náà wà. Ó ti ṣí i, ó ti ká a, débi pé ojú ibi tó ń ṣẹ́ ẹ sí ti ń ya. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kó o ṣe?"

Ó ní, "Dádì, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí n sì gbin irúgbìn."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú ọgọ́ta! Mo bi í pé èló ni irúgbìn. Kò dáhùn, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Mo tún bi í pé ta ló gba owó físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó fi àgbọ̀n nàka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ lábẹ́ agbòjò, ó wọ àgbádá aláwọ̀ sánmà, ó ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́, eyín rẹ̀ funfun báláú. Òun ló ra gbogbo ìlù tí wọ́n ń lù lórí pẹpẹ ọ̀hún.

Mo ní kó má gbààwẹ̀ kankan, kó jẹun dáadáa, kó lè lágbára láti máa wáṣẹ́. Mo júwe ibi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń gba tálákà nímọ̀ràn láìgbowó fún un, ọmọ mi sì bá a tún ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ kọ. Nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, ilé àwọn arúgbó kan ní Kent gbà á. Ó jẹ́rìí nínú ìjọ, wọ́n jó, wọ́n náwó. Ìyàwó mi wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ròyìn gbogbo ẹ̀ fún mi. Mo ní, "Ṣé wọ́n dárúkọ ẹni tó tà á ní ìwé?" Ó ní rárá, ẹ̀mí burúkú ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n dè. Mo ní, "Aláàgbádá ńkọ́?" Ó rò ó díẹ̀. Ó ní iwájú ló wà, ó ń jó.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má ru.

Ní 13 oṣù Kẹsàn-án 2025, èèyàn tó lé ní 100,000 ya sí àárín London fún ìwọ́de tí Tommy Robinson, òyìnbó kan tó ń tako àwọn àjèjì, pè. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àsíá kò yà mí lẹ́nu, àsíá ti pọ̀ lára òpó iná àdúgbò wa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbélébùú onígi tí àwọn kan gbé léjìká ni mò ń wò. Wọ́n ń pe Kristi ní ọba, wọ́n sì ń ké pé kí àwọn àjèjì máa lọ sílé. Ìkànìyàn 2021 ti sọ pé àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni ní England àti Wales kò tó ìdajì mọ́, 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì London di ahoro, àwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ lé lọ, kí ìlú lè di ti Kristi! Ká sọ tòótọ́, àwọn olórí ìjọ kan kọ lẹ́tà síta, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe lo àgbélébùú lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò mi, òyìnbó tó jẹ́ pé ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ní ìlú Kristẹni kúkú ni England. Mo bi í pé ta ni yóò máa gbálẹ̀ ibẹ̀ bí wọ́n bá lé ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní tòmátì. Èèyàn dáadáa ni, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní 2024, sọ pé ọ̀rọ̀ Josef Fritzl ará Austria, bàbá tó ti ọmọ ara rẹ̀ mọ́ àjà ilẹ̀ fún ọdún 24, ló jẹ́ kí òun má gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìyàwó mi lórí WhatsApp fi gbogbo ọjọ́ gbàdúrà fún un. Èmi àti ọmọ náà kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, pàápàá lórí àwọn tó ń wá físà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó wo nǹkan burúkú lójú, ó bi ìbéèrè.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2025, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Ṣókótó, Trump ní torí àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pa ní Nàìjíríà ni. Hallelúyà kún fóònù ìyàwó mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta, ọmọ bàbá kan ni wá, Àlàájì ni. Ó ní, "Àbúrò, ṣé àwa náà wà lára àwọn tí wọ́n wáá gbà là?" N kò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo rántí Ọ̀wọ̀, 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa èèyàn tó ju ogójì lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Mo sì rántí mọ́ṣáláṣí àgbà Kánò, 28 oṣù Kọkànlá 2014, ọjọ́ Jímọ̀, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, Mùsùlùmí tó ń kírun. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ibi tí ojú mi ń wò ni owó ààbò tí wọ́n ń ná lọ́dọọdún: ta ló gbà á, kí ló fi rà? Nígbà tí Tinubu kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí ọjà gbiná, àbúrò mi obìnrin ní wọ́n ti kéde ààwẹ̀ ní ìjọ àwọn. Mo ní ṣé wọ́n kéde ìpàdé pẹ̀lú aṣòfin àdúgbò wọn? Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ìyàwó mi ní èsì kan tó máa ń pa mí lẹ́nu mọ́. Lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate fún mi, àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ni wọ́n ń se ẹ̀fọ́ wá. Wọ́n fọ ilé, wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi, wọn kò sì bi mí pé ta ni mo gbàgbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ka ìwé ìròyìn, tí a jọ ń bú gbogbo olórí ẹ̀sìn, káàdì ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Pásítọ̀ ti sọ fún un pé wọ́n máa sin mí dáadáa bí àkókò bá tó, torí tirẹ̀. Mo gbà. Kí wọ́n kọrin tó wù wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ sílẹ̀ fún Fúnmi: kí ẹnikẹ́ni má dìde lọ́jọ́ náà láti sọ pé Olúwa ló pè mí, tàbí pé ọ̀tá ló ṣe é. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ yìí ló padà wá, kí wọ́n pè é lórúkọ lórí pẹpẹ, kí wọ́n sọ pé ó ń mú ọ̀kan nínú ọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́rin nílùú yìí, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ bá a bá ka gbogbo ọkùnrin pọ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ kọ́ ni wọ́n ń sọ níbi ìsìnkú. A ṣì ń jà lé e lórí.