Kí Ẹ Tó San Owó Òtẹ́ẹ̀lì Onífàájì ní Ayia Napa

Àbúrò mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló ní Ayia Napa ni ká ti wá bá òun ṣe fàájì. Ìlú etíkun ní Cyprus ni, pápákọ̀ òfurufú Larnaca la gbà débẹ̀ láti London. Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ sọ, torí inú ṣì ń bí mi.

Kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n gba yúrò 100 lọ́wọ́ wa, pé a ó gbà á padà tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Kò burú. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mutí yó, wọ́n máa ń gbà á. Àmọ́ lọ́jọ́ tí à ń lọ, obìnrin ìdí kántà wọ yàrá, ó jáde, ó ní dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù ti là, owó wa ti wọ ọ́. Dígí tó ti là ká tó dé! Wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ibi tó là, sẹ́lótéèpù ọ̀hún ti pọ́n, eruku ti dì mọ́ etí ẹ̀. Àbúrò mi ń fà mí láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, bàálù ò ní dúró dè wá." Mi ò mira. Mo fi fídíò tí mo ti ká kí n tó gbé báàgì sílẹ̀ hàn án. Ó wò ó tán, ó ka owó wa sórí kántà, kò tiẹ̀ ní ká má bínú! Ẹni tí kò ká fídíò ńkọ́? Ẹ ká tiyín o, títí dé ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Yàrá tó kọjú sí omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń polówó yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. DJ ń lù ú lọ́sàn-án, tó bá dòru, àwọn tó ń bọ̀ láti àwọn ilé ijó tó wà ní Square, gbàgede àárín ìlú, á máa pariwo gba iwájú ilẹ̀kùn yín kọjá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Yàrá ẹ̀yìn, lókè, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba owó éésì lọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí àwọn ibòmíì ń gbà á, ooru oṣù Keje ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì wa ò ládùn rárá. Etí èbúté ni inú mi ti wá dùn. Ẹ ní kí wọ́n gbé meze ẹja wá, kẹ́ ẹ sì má jẹun ọ̀sán kẹ́ ẹ tó lọ: àwo kan ò tíì tán tí òmíì á ti dé, ẹja wẹ́wẹ́ díndín, edé, àti halloumi yíyan tó jọ wàrà tiwa, àmọ́ tó níyọ̀ jù ú lọ. Gbogbo wa dákẹ́, à ń jẹun. Owó oúnjẹ yẹn ò dùn mí rárá.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ sí Nissi Beach, kí èrò tó dé. Omi ibẹ̀ ò jìn, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn dé erékùṣù kékeré tó wà níwájú. Ẹ má ra ádápítọ̀ kankan: púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò ní London àti nílé náà ni wọ́n ń lò.