Ọdún Tí Ìtàn Mi Wó, Tí Mo Tún Un Mọ

Ọyẹ́ ti dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ètè gbogbo wa ti ń là. Lánàá ni mo ṣí ìwé tí mo rà ní Ọjà Tàkí nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ sójú ewé àkọ́kọ́ ni pé, "Kí n parí ìtàn yìí kí mángòrò tó pọ́n." Mángòrò pọ́n, ó tán lórí igi, mi ò parí ìtàn. Ohun tó dá mi dúró ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló ṣe mí lóore jù lọ́dún yìí.

Ìtàn ìfẹ́ ni. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ogún ọdún, ń hun kíjìpá. Àkàndé ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bọ́ sáàárín oòrùn àti ayé, òjìji rẹ̀ sì gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe àròsọ. Ọdún tí ọ̀sán dòru ni àwọn àgbà kan fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ wọn. Nínú ìtàn tèmi, Àkàndé wọ inú òjìji náà, kò jáde. Gbogbo aago orí tábìlì rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo ló lọ? Ta ló ń dá aago wọ̀nyẹn padà sílé olówó wọn lóru? Àdìtú ibẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń gbé Àkàndé láti ìgbà kan dé òmíràn kì í ṣe ẹ̀rọ onírin, ìṣirò ni. Lẹ́yìn ọjọ́ 6,585 àti nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, oòrùn, òṣùpá àti ayé máa ń tún tò bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Ọdún 18 àti ọjọ́ mọ́kànlá ni. Mo wá ní kí Àkàndé máa yọ ní Tàkí ní 1965, 1983 àti 2001, òun kò dàgbà, Àbẹ̀kẹ́ ń darúgbó. Orí méjìlá ni mo ti kọ báyẹn, mo sì fẹ́ràn wọn gidigidi.

Lóṣù kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní físíìsì kà á. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Wákàtí mẹ́jọ yẹn ńkọ́?"

Ní wákàtí mẹ́jọ, ayé á ti yí ìdá kan nínú mẹ́ta. Òjìji ò ní bọ́ síbi tó bọ́ sí tẹ́lẹ̀. Orí Òkun Pàsífíìkì ló bọ́ sí ní 1965, Indonéṣíà ló gbà kọjá ní 1983. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ìtàn mi ti wó, mi ò sì lè purọ́ fún òṣùpá.

Ó tó oṣù méjì kí n tó rí i pé mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ọdún 54 àti oṣù kan ó lé ọjọ́ kan, òjìji kan náà padà sí Áfíríkà: ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2001, Lusaka ní Sáńbíà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni Àkàndé ti jáde, pẹ̀lú tọ́rọ́ àti ṣílè lápò. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká tó gbòde ní Nàìjíríà. Kò sí bó ṣe fẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́. Àfi kó wá ilé bọ̀.

Nítorí náà Àbẹ̀kẹ́ kò rí i rárá fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ wọn ti wá yé mi. Àwọn èèyàn ń sọ pé Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ni Àkàndé sá lọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia wá lé àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà ní oṣù kọkànlá 1969, ojoojúmọ́ ni Àbẹ̀kẹ́ ń lọ sí gáréèjì, tó ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì.

Mo ka orí yẹn fún Màmá inú agbo ilé wa. Ọmọdé ni wọ́n ní 1947. Wọ́n rántí bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe ṣá, tí ìyá wọn kó wọn wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rántí 1969 náà, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n wọn gbé dé láti Gánà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, obìnrin kì í jókòó lásán kó máa retí ọkùnrin. Fi iṣẹ́ sí i lọ́wọ́." Mo fi aṣọ sí i lọ́wọ́. Ọdún kan, ìlà kan.

Ilé ìtẹ̀wé kan dá ìtàn náà padà lóṣù kẹjọ, wọ́n ní Yorùbá ò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ó dùn mí. Èdè tó ní òjìji, tó ní ìṣirò, tó ti sọ ọ̀sán dòru kí wọ́n tó bí mi, kí ni kò lè gbé?

Màmá jáde láyé lóṣù kẹwàá. Nígbà ayé wọn, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ní ojúde wọn ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé ó ti dé?" Mo máa ń sọ pé, "Ó ń bọ̀, Màmá."

Orí kẹtàdínlógún ni mo wà báyìí. Àkàndé ti sọ̀ kalẹ̀ ní Tàkí, ó ń béèrè ilé. Kò tíì kan ilẹ̀kùn.