Ṣájà Mẹ́fà, Kò Sí Èyí Tó Wọ Ọkọ̀ Mi

Nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ oníná mi láti London lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds, mo yà sí ibùdó ìsinmi kan lẹ́bàá òpópónà M1 nítorí pé iná bátìrì ti fẹ́ tán. Ṣájà mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀: CCS, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kíákíá kan, ni márùn-ún, nígbà tí CHAdeMO, ìlànà tó wá láti Japan, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tèmi fún iná kíákíá, ẹ̀rọ kẹfà tó sì bá a mu ti bàjẹ́.

Ohun tó yọ mí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó wà lára ọkọ̀ mi, Type 2, tí mo lè fi gba iná tó lọ́ra. Mo rọra wa ọkọ̀ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan, mo sì fa wáyà mi yọ nínú búùtù, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ mi kò lè gbà ju kìlówáàtì 6.6 lọ lórí irú iná bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó. (Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi kò délé.)

Ní báyìí, kí n tó gbéra, mo máa ń fi Zap-Map, áàpù tó ń fi ibi tí ṣájà wà hàn, ṣa àwọn ṣájà CHAdeMO sọ́tọ̀, mo sì ń yan méjì fún ìdúró kọ̀ọ̀kan.